Ìgbà mélòó lóòjọ́ ni nọ́ńbà kan náà máa ń tò mẹ́ta lójú aago?

Ẹ mú aago ọwọ́ onínọ́ńbà kan, irú èyí tí kò ní ọwọ́ tó ń yí po, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ló fi ń sọ wákàtí àti ìṣẹ́jú fún yín. Wákàtí méjìlá ló ń kà: ó ń lọ láti 1:00 títí dé 12:59, lẹ́yìn náà á padà sí 1:00. Kò ní ìṣẹ́jú àáyá lójú. Ìbéèrè wá rèé: láàárín odindi ọjọ́ kan, ìgbà mélòó ni nọ́ńbà kan náà máa tò tẹ̀lé ara rẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, lójú aago yìí?

Ìbéèrè kékeré, àbí? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa dáhùn kí ẹ tó bi í tán. Ẹnì kan á ní márùn-ún. Ẹlòmíràn á ní mẹ́wàá, torí ó rántí pé aago kan náà ló ń lù láàárọ̀ tó tún ń lù lálẹ́. Ẹni tó bá rántí 11:11 mọ́ ọn á ní méjìlá. Ìdáhùn gan-an ni 34. Mo ti sọ ọ́ jáde báyìí kí ẹ má baà máa wá a títí dé ìsàlẹ̀. Ibi tí adùn ọ̀rọ̀ yìí wà ni ibi tí àwọn 22 tó kù sá pamọ́ sí, àti ìdí tí ojú wa fi ń fò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìbéèrè náà kà, torí inú rẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kí nọ́ńbà tò tẹ̀lé ara rẹ̀ mẹ́ta túmọ̀ sí pé nọ́ńbà mìíràn ò gbọdọ̀ wọ àárín wọn. 3:33 wọlé. 11:31 ò wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1 mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, nítorí 3 ti jókòó sáàárín wọn. "Ó kéré tán" túmọ̀ sí pé bó bá di mẹ́rin, a ṣì máa kà á. "Odindi ọjọ́ kan" sì jẹ́ wákàtí 24, aago wa á sì ti lọ yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, iye mìíràn ló máa gbé wá, ìṣirò rẹ̀ sì lè pé pérépéré.

Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ làwa náà á ti bẹ̀rẹ̀: 1:11, 2:22, 3:33, 4:44, 5:55. Ó rọrùn. Láti ibẹ̀, ọkàn fẹ́ sáré lọ sí 6:66, torí bí nọ́ńbà ṣe máa ń ṣe níbòmíràn nìyẹn: 111, 222, 333, títí dé 999, kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kì í dé 66. Bó bá ti dé 59, òdo ló kàn. Látorí 6:59, aago á fò sí 7:00, kò sì sí ohun tí aago mẹ́fà, méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án lè ṣe láti mú nọ́ńbà tiwọn jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Wákàtí mẹ́rin gbáko nìyẹn, láàárọ̀ àti lálẹ́, tí a ò ní í rí ohunkóhun.

Ọwọ́ àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ni 60 yìí ti wá. Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni wọ́n ń di ìṣirò wọn, 60 sì rọrùn láti pín: ẹ lè pín in sí 2, 3, 4, 5, 6, 10, 12, 15, 20 àti 30 láìṣẹ́ ohunkóhun kù. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, bó ṣe bọ́ sínú aago nìyẹn. Ti wákàtí méjìlá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ló ti wá, àwọn tó pín ojúmọmọ sí méjìlá, tí wọ́n sì pín òru náà sí méjìlá. Ètò mẹ́ta ló wá pàdé lójú aago kékeré kan: mẹ́wàá-mẹ́wàá la fi ń kọ nọ́ńbà, ìṣẹ́jú ń tẹ̀lé 60, wákàtí ń tẹ̀lé 12. Ojú wa ti mọ́ ètò mẹ́wàá débi pé a máa ń rò pé òun náà ló ń darí aago, ibẹ̀ sì ni àlọ́ yìí ti ń mú èèyàn.

Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú láti tún un ṣe nígbà kan. Lọ́dún 1793, ìjọba tó gorí àlééfà nígbà ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 10, kí wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú 100, kí ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 100. Nígbà tó fi máa di 1795, wọ́n ti dá àṣẹ náà dúró. Ká ní ó fìdí múlẹ̀ ni, aago onínọ́ńbà ì bá máa lọ láti 0:00 dé 9:99, àlọ́ wa ì bá sì ti tẹ́: 0:00, 1:11, 2:22, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé 9:99, mẹ́wàá péré, ó parí. Ẹni tó yára dáhùn pé mẹ́wàá jẹ̀bi ní ti wa, òun ì bá sì ni ọlọ́pọlọ pípé ní tiwọn.

Ẹ padà sí aago wa. Márùn-ún wà lọ́wọ́. Àmọ̀ràn mi ni pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ má máa wá nọ́ńbà kiri mọ́. Wákàtí ni kí ẹ máa tẹ̀lé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ìkọ̀ọ̀kan pé kí ló lè mú jáde. Ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà, àwọn tó fani mọ́ra nìkan ni yóò rí. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé wákàtí kò ní ríbi fo ìkankan.

Aago mẹ́wàá. Lójú aago, 1 àti 0 ló ṣáájú. Kí òdo tó lè tò mẹ́ta, ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ 00. Ẹ wá wò ó: 10:00. Òdo mẹ́ta nìyẹn, wọ́n tò gbọọrọ. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ò fi ń rí i ni àmì tíńtín méjì tó pín wákàtí sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́jú. Bí ojú bá ti kan 10, "mẹ́wàá" ló kà, odindi ọ̀rọ̀ kan. Òdo tó wà nínú rẹ̀ ti di ara mẹ́wàá, kò tún jọ òdo mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò sọ̀rọ̀ nípa wákàtí tàbí ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà tó hàn lójú aago ló ń bèèrè, àmì àárín yẹn kì í sì í ṣe nọ́ńbà.

Ohun kan náà ló pa 12:22 mọ́. Méjìlá ni ojú kà, ó ka méjìlélógún tẹ̀lé e, 2 mẹ́ta sì kọjá lójú rẹ̀.

Ibi tí iye ńlá wà ni aago mọ́kànlá. Ẹ ronú pé ẹ gbé aago náà síwájú, 11:09 ló wà. 1 méjì ti wà nílẹ̀ lápá òsì, wọ́n ń dúró de ẹnì kẹta. Ìṣẹ́jú kan kọjá: 11:10. Òdo tó wà láàárín kúrò, 1 gba ipò rẹ̀, 1 ti di mẹ́ta lórí ìlà. Ẹ wò ó sí i: 11:11, 11:12, 11:13. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nìkan ló ń yí padà, mẹ́ta àkọ́kọ́ ò mira. Ó dé 11:19, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di 11:20 ni 2 tó wọ àárín tú wọn ká. Láti 11:10 dé 11:19, ojú aago mẹ́wàá nìyẹn, gbogbo wọn ló sì wọlé. Ẹni tó ní méjìlá rí 11:11 nìkan nínú mẹ́wàá yìí, torí òun ló rẹwà jù. Mẹ́sàn-án yòókù ò bójú rẹ̀ mu ló fi fò wọ́n.

Ẹnìkan lè bi mí pé, 1 mẹ́rin ló wà nínú 11:11, ṣé a ò ní kà á lẹ́ẹ̀mejì ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, mẹ́ta ìkẹyìn lọ́tọ̀? Rárá. Ìgbà tí aago fi irú ojú bẹ́ẹ̀ hàn là ń kà, ẹ̀ẹ̀kan ló sì fi ìyẹn hàn. Ọ̀rọ̀ "ó kéré tán" tó wà nínú ìbéèrè ti dá ẹjọ́ yẹn.

Ó wá di: márùn-ún láti aago kan dé márùn-ún, ẹyọ kan ní aago mẹ́wàá, mẹ́wàá ní aago mọ́kànlá, ẹyọ kan ní aago méjìlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Ojú kọ̀ọ̀kan máa ń padà wá lẹ́yìn wákàtí méjìlá, nítorí náà ìlọ́po méjì 17, ìyẹn 34. Kò sì kan ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yín, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru tàbí ìgbà tí oòrùn là, torí láàárín wákàtí 24 èyíkéyìí, ojú kọ̀ọ̀kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì géérégé.

Àtakò kan wà tí mo rò pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹlòmíràn á sọ pé láti 11:10 dé 11:19, aago ò jáwọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìgbà kan ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, mẹ́jọ ló máa wà láàárín wákàtí méjìlá, 16 lóòjọ́. Èmi ò lè pe onítọ̀hún ní aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń kà nínú irú àlọ́ yìí ni ojú aago, ìyẹn ohun tó kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. 11:12 àti 11:13 sì jẹ́ ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n má bá òun jà, kó bèèrè pé "ìṣẹ́jú mélòó", ẹnu gbogbo wa á sì kò lórí 34.

Bí a bá yọ títò-tẹ̀lé-ara kúrò ńkọ́, tí a ní kí nọ́ńbà kan náà ṣáà ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi yòówù kó wà? Láti aago kan dé mẹ́sàn-án, kò sí ìyàtọ̀, torí nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà lójú. 10:11 á wọlé pẹ̀lú 10:00. 12:11 á wọlé pẹ̀lú 12:22. Ní aago mọ́kànlá, 11:01, 11:21, 11:31, 11:41 àti 11:51 á dara pọ̀ mọ́ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀. Méje ló kún un, 17 di 24, ọjọ́ kan sì di 48. Gbólóhùn kan ṣoṣo la yọ nínú ìbéèrè, 14 ló fi kún ìdáhùn.

Ẹ wá yí aago sí ti wákàtí 24, èyí tó ń lọ láti 00:00 dé 23:59. Oríṣi ojú méjì là ń wá níbí: àwọn tí mẹ́ta àkọ́kọ́ bára mu, àti àwọn tí mẹ́ta ìkẹyìn bára mu. Ti àkọ́kọ́, 00:00 dé 00:09 jẹ́ mẹ́wàá, 11:10 dé 11:19 jẹ́ mẹ́wàá, 22:20 dé 22:29 náà jẹ́ mẹ́wàá. Ọgbọ̀n nìyẹn. Ti ìkẹyìn, nọ́ńbà tó parí wákàtí ló gbọ́dọ̀ kún inú ìṣẹ́jú: 00:00, 10:00, 20:00, 01:11, 11:11, 21:11, 02:22, 12:22, 22:22, 03:33, 13:33, 23:33, 04:44, 14:44, 05:55, 15:55. Mẹ́rìndínlógún. Àpapọ̀ á jẹ́ 46, ṣùgbọ́n 00:00, 11:11 àti 22:22 wà nínú agbo méjèèjì, a ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ mẹ́ta, ó ku 43.

Àwọn aago oníwákàtí 24 kan kì í kọ òdo àkọ́kọ́ yẹn. 0:01 ni wọ́n máa kọ dípò 00:01, òdo méjì péré ló sì kù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 00:01 títí dé 00:09 ṣe máa bọ́ sílẹ̀, mẹ́sàn-án, 43 á sì di 34. Bẹ́ẹ̀ ni o, 34 kan náà tí a rí tẹ́lẹ̀! Ẹ má wá ìdí pàtàkì kan lọ síbẹ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ní ti aago oníwákàtí 12, bó kọ 01:11, bó kọ 1:11, ìdáhùn ò yí padà, torí kò sí wákàtí 00 lórí rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá sún mọ́ irú aago bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé ìlà kéékèèké méje ló ń para pọ̀ ṣe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. 8 ń tan gbogbo méjèèje, 1 ń tan méjì péré. Lójú àwọn kan tó ń ka wákàtí 12, ipò tó ṣáájú lápá òsì ò tiẹ̀ ní ju ìlà méjì lọ, nítorí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó máa dé ibẹ̀ láé àfi 1. Irú aago bẹ́ẹ̀ ò lè kọ òdo síwájú bó tilẹ̀ fẹ́. Bí èèyàn bá bi yín ní àlọ́ yìí, ẹ wo ipò yẹn kí ẹ tó ya ẹnu.

Ẹ̀rín kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé aago ọwọ́ onínọ́ńbà àkọ́kọ́ tó ń lo iná mànàmáná tó dé ọjà ò lè dáhùn ìbéèrè yìí rárá. Pulsar ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Hamilton ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1972, 2,100 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Iná pupa tó fi ń kọ nọ́ńbà ń jẹ bátìrì gan-an, nítorí náà ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dé àárọ̀, ìgbà mélòó ni nọ́ńbà tò mẹ́ta lójú rẹ̀? Òdo.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé gbogbo ìgbà tí àwọn bá ti gbójú sókè wo aago, 11:11 ni àwọn ń bá. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́ kan, 11:11 sì gba méjì nínú wọn. Bí ẹ bá kàn ṣẹ́jú wo aago nígbàkigbà, ọ̀kan nínú 720 ni ààyè pé òun lẹ máa bá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ka gbogbo 34 yẹn, ó ti di bí ọ̀kan nínú 42. Ẹni tó ń wo aago rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà ogójì lóòjọ́, kì í ṣe ìyanu bó bá pàdé ọ̀kan nínú wọn lójoojúmọ́. Ohun tó ń tàn wá ni pé kò sẹ́ni tó ń rántí 10:47. Ó rí i, ó gbàgbé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n 11:11 á kì í mọ́lẹ̀, á pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wá wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, ẹ máa kọ gbogbo ohun tí aago bá sọ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wò ó, tó wù yín tí kò wù yín.

Fún ẹni tí kò tíì rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá kún un. Aago oníwákàtí 12 náà ni, ó wá ń kọ 6:00:00. Aago mẹ́fà tí kò rówó ra ohunkóhun tẹ́lẹ̀ ti di ọlọ́rọ̀. Bí nọ́ńbà ìṣẹ́jú méjèèjì bá bára mu, tí èyí tó ṣáájú nínú ìṣẹ́jú àáyá sì bá wọn mu, bíi 6:44:47, ọ̀nà mẹ́fà ló wà, láti òdo dé 5, ìkọ̀ọ̀kan sì ní mẹ́wàá: 60. Bí nọ́ńbà tó parí ìṣẹ́jú bá bá méjèèjì tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá mu, bíi 6:32:22, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà ni: 36. Mẹ́fà bíi 6:33:33 wà nínú méjèèjì. 60 àti 36, ẹ yọ 6, ó jẹ́ 90. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aago méje, mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án. Láti aago kan dé márùn-ún, pẹ̀lú mẹ́wàá àti méjìlá, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 140. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aago mọ́kànlá á jẹ́ 2,015 láàárín wákàtí méjìlá, 4,030 lóòjọ́, nínú ìṣẹ́jú àáyá 86,400. Aago mọ́kànlá ni mi ò ṣí sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, 675 ni ẹ máa bá níbẹ̀.